Èfu ẹnu ọmọ, yíyún ojú ara àti oògùn ilé: Àǹtí Nọ́ọ̀sì dá yín lóhùn

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun lójú ewé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí èfu, àwọn ìyá ọmọ ń bèèrè, àwọn ọmọge ń bèèrè, bàbá kan náà tiẹ̀ bèèrè, ohun kan náà ni gbogbo yín sì fẹ́ mọ̀: kí ni mo lè fi ṣe é nílé? Mo ti mú díẹ̀ níbẹ̀, mo gé àwọn tó gùn jù kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tá à ń bá jà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Candida ló ń fa èfu ẹnu ọmọ, nǹkan funfun tó máa ń bo inú ẹnu, òun náà ló sì ń fa ọ̀kan nínú èyí tó máa ń yún àwọn obìnrin lábẹ́, èfu ni màá máa pe méjèèjì níbí. Kì í ṣe àlejò o, ó ń gbé lára ọ̀pọ̀ nínú wa, nínú ẹnu, nínú ìfun, ní ojú ara, kò sì ní ṣe wá ní nǹkan kan, àfi ìgbà tí ohun tó ń ká a lọ́wọ́ kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé nǹkan kan jẹ́ oògùn èfu, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ó ń dín fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn kù ni, àbí ó ń mú ohun tó jẹ́ kó pọ̀ jù kúrò. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì, òmíràn tún ń dá kún un.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan funfun wà lórí ahọ́n ẹ̀ àti nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, kì í mu ọmú dáadáa mọ́, á fà á díẹ̀ á wá bú sẹ́kún. Ìyá ọkọ mi tó wá bá mi tọ́mọ ní èfu ni, wọ́n ní ká po oyin mọ́ iyọ̀ ká fi aṣọ ra á títí tó fi máa bó. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń bá màmá jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é? (Ìyá ọmọ tuntun, Òṣogbo)*

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á dá a sí. Rárá o, ẹ má jẹ́ kí oyin kan ẹnu ọmọ yẹn. Mo mọ̀ pé oyin la fi ń sọmọ lórúkọ nílẹ̀ wa, mo sì mọ̀ pé oyin dáa fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹyin kòkòrò kan tá ò lè fojú rí lè wà nínú ẹ̀, botulism ni wọ́n ń pe àìsàn tó ń fà. Inú àgbà máa ń borí ẹ̀, inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lágbára yẹn, kòkòrò náà á hù níbẹ̀ á sì máa tú májèlé sára ọmọ. Ìgbẹ́ ọmọ á kọ́kọ́ dúró, igbe ẹ̀ á máa rẹlẹ̀, kò ní lè fa ọmú, ọrùn ẹ̀ á dẹ̀, tó bá wá débi èémí, hòsípítù ńlá nìkan ló lè gbà á sílẹ̀. Ẹ má gbé e kaná kẹ́ ẹ rò pé ó ti tán, iná ilé ìdáná kì í pa ẹyin kòkòrò yẹn. Ó di ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù 12. Tẹ́ ẹ bá tún ní ìsọmọlórúkọ, ẹ fi oyin náà kan ètè ìyá àti bàbá, kí wọ́n gbàdúrà sí ọmọ lórí.

Iyọ̀ náà kò dáa fún un, kíndìnrín ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè gbé e. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ra á yẹn, òun gan-an ló ń bà mí nínú jẹ́ jù torí mo ti rí i lójú ara mi, ọmọ tí wọ́n ti ra ahọ́n ẹ̀ títí tó fi ṣẹ̀jẹ̀, tí gbogbo inú ẹnu wá di egbò, ọmọ ò wá lè fa ọmú rárá, wọ́n ní èfu ló le. Èfu ò le o, ọwọ́ wa ló le.

Ṣùgbọ́n màmá lè jàre lórí pé èfu ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Wàrà ọmú máa ń dúró sórí ahọ́n nìkan, tẹ́ ẹ bá fi aṣọ mímọ́ tó tutù kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ á kúrò. Èfu máa ń wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, lára èrìgì, lókè ẹnu, kì í tètè kúrò, tó bá sì kúrò ibẹ̀ á pọ́n. Ti ọmọ yín ti wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń dí i lọ́wọ́ àtimu ọmú, torí náà ẹ lọ fi hàn nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tí kò pọ̀, tí ọmọ ń mu ọmú dáadáa, òmíràn máa ń lọ fúnra ẹ̀, èyí tó ti ń pa á lẹ́kún bí ti yín ni kò yẹ ká máa wò níran.

Oògùn tí wọ́n máa ń fún wọn jù ni nystatin, olómi, wọ́n á fi dírọ́pà kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu méjèèjì lẹ́yìn tí ọmọ bá mumú tán kó lè pẹ́ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ dá a dúró lọ́jọ́ tí funfun yẹn bá lọ, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ fún mi pé oògùn òyìnbó ni, ẹ ń fẹ́ èyí tó ti inú ilẹ̀ wá, ilẹ̀ náà lèyí ti wá o: àwọn obìnrin onímọ̀ méjì, Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ New York, ló rí i ní 1950 lára kòkòrò tó ń gbé nínú iyẹ̀pẹ̀ oko kan ní Virginia. Tó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀lì miconazole ni kẹ́míìsì fẹ́ gbé fún yín, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ò tíì pé oṣù mẹ́rin, torí jẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń ki, ó lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ lo GV, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Ó ń pa èfu lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà fún ojú ọgbẹ́ máa ń lágbára ju ohun tí ẹnu ọmọ lè gbà lọ, ó lè bó ẹnu ẹ̀, 0.25% ni wọ́n ń lò fún ẹnu ọmọdé, ìjọba Kánádà sì kìlọ̀ ní 2019 pé kí àwọn èèyàn má lò ó mọ́ nítorí ẹ̀rù jẹjẹrẹ. Níbi tí nystatin bá wà, èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni wá GV lọ.

Ọmú yín ńkọ́? Ẹ ò sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí orí ọmú bá ń ta yín, tó ń dán tó sì pọ́n, tí ìrora náà ń wọnú ọmú lọ lẹ́yìn tí ọmọ bá mu tán, ó ṣeé ṣe kí èfu ti mú ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tọ́jú ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọmọ á fún yín, ẹ̀yin náà á fún ọmọ padà. Ẹ má tìtorí ẹ̀ gba ọmú lẹ́nu ẹ̀ o. Ẹ fi omi lásán ṣan orí ọmú, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì, ẹ máa pààrọ̀ páàdì ọmú tó bá ti tutù. Tí fídà tàbí ọmú rọ́bà bá wà nílé, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ sì se é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ títí tí oògùn á fi tán. Ẹ wo ìdí ọmọ náà, tó bá pọ́n rẹ́rẹ́ tí irorẹ́ wẹ́wẹ́ yí i ká, ẹ fi han nọ́ọ̀sì, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà lè ti débẹ̀.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ mú wọn dání lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n gbọ́ ọ létí ara wọn, kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n bá yín gba iṣẹ́ sísè fídà àti kíkán oògùn. Ìfẹ́ ọmọ náà ló ń ṣe wọ́n. Bí ọmọ kò bá mu ọmú rárá, tí ara ẹ̀ gbóná, tí ìtọ̀ ẹ̀ dín kù tàbí tí èfu náà kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ ti ń lo oògùn bó ṣe yẹ, ẹ gbé e padà lọ.

*Àǹtí ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún 24 ni mí. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì infẹ́kṣọ̀n ò jẹ́ kí n gbádùn ayé mi, ó ti wá ó ti lọ lọ́dún yìí tó ti sú mi. Á máa yún mi, nǹkan funfun tó dì á máa jáde, tí mo bá tọ̀ á máa ta mí. Mo ti ra tíì tó ń fọ ilé ọmọ, mo ti fi aáyù síbẹ̀ sùn mọ́jú, mo ti lo álọ́ọ̀mù, mo tún máa ń jókòó lé omi gbígbóná tí mo da oògùn apakòkòrò sí. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni mo máa ń ra káńsù áńtíbáyótíìkì mì. Ẹ jọ̀ọ́ kí ló kù tí mo lè lò? (Ọmọge, Ìkòròdú)*

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tó kù kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ, ohun tó yẹ kó o fi sílẹ̀ ni, torí lójú tèmi ìtọ́jú yẹn gan-an ló ń pè é padà.

Kọ́kọ́ gba ọkàn ẹ lọ́wọ́ ìtìjú. Kì í ṣe tọ́ílẹ́ẹ̀tì lo ti kó o, kì í sì í ṣe pé o dọ̀tí. Nínú obìnrin mẹ́rin, mẹ́ta ló máa ní irú yíyún yìí ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, ìyàwó ilé, wúńdíá, olówó, tálákà, mo ti tọ́jú gbogbo wọn. Inú ojú ara obìnrin ní kòkòrò rere tiẹ̀, àwọn tó jọ àwọn tó ń mú kí ògì kan, àwọn ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ kan díẹ̀, kíkan yẹn ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Áńtíbáyótíìkì ń pa bakitéríà, kò lè pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Torí náà ní gbogbo ìgbà tó o bá ra káńsù yẹn mì, àwọn ẹ̀ṣọ́ lò ń pa, ẹni tó ń yún ẹ á wá rí ààyè. Omi apakòkòrò tó ò ń jókòó lé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn míì ń fún síbẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Aáyù ńkọ́? Òótọ́ ni pé omi aáyù ń pa Candida nínú abọ́ láàbù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ tó fi wá dé orí fóònù yín. Ara èèyàn kì í ṣe abọ́. Gún aáyù kó o fi lé apá fún ìgbà díẹ̀ kó o wo bó ṣe máa jó ẹ, awọ apá sì le ju ti ojú ara lọ fíìfíì. Mo ti bá obìnrin yọ aáyù tó wọlé lọ tí kò rí yọ mọ́, ibẹ̀ ti bó, ó ń sunkún, àwọn tó gbà á nímọ̀ràn kò sí níbẹ̀. Álọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ máa ń fún ibẹ̀ pọ̀ á sì gbẹ ẹ́, ibi tó bá gbẹ á máa ya nígbà ìbálòpọ̀, ojú yíya yẹn ni àìsàn tó burú ju èfu lọ ń gbà wọlé. Àwọn tíì tó ń fọ ilé ọmọ yẹn, ilé ọmọ kì í dọ̀tí, ó ń fọ ara ẹ̀. Òróró tea tree tí wọ́n tún ń pariwo ẹ̀, májèlé ni téèyàn bá gbé e mì, ó sì máa ń bó àwọn míì lábẹ́, fi í sílẹ̀.

Ohun tó o lè ṣe nílé kò gba owó. Fi omi lásán fọ ìta ibẹ̀, má ki ọwọ́ bọnú, má fi ọṣẹ olóòórùn kàn án. Tí ọṣẹ bá ti ń ta ẹ́, òrí tàbí aqueous cream tí kò lóòórùn dáa láti fi dáàbò bo awọ ìta, ìta ni mo sọ o. Páńtì kọ́tìnnì, má wọ sòkòtò tó fún mọ́ra láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ooru Èkó yìí, tó o bá dé láti ibi iṣẹ́ bọ́ ọ, sùn láì wọ páńtì. Má fi aṣọ tútù dúró lára. Omi tútù nínú aṣọ mímọ́ tó o gbé lé ibẹ̀ á mú yíyún rọlẹ̀ kó o lè rí oorun sùn, ìyẹn á tù ẹ́ nínú ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn. Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, jẹ ẹ́ tó bá wù ẹ́, oúnjẹ tó dáa ni. Má fi sí ojú ara. Àwọn dókítà kan ní Ọsirélíà gbé àbájáde ìwádìí jáde ní 2004, wọ́n fún àwọn obìnrin tó ń lo áńtíbáyótíìkì ní irú kòkòrò rere tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jọ ti inú yógọ́ọ̀tì, àwọn kan gbé e mì, àwọn kan fi í sí ojú ara, kò dá yíyún yìí dúró fún wọn.

Ìwòsàn gan-an ni clotrimazole tí wọ́n ń kì sí ojú ara lálẹ́, kẹ́míìsì tó mọṣẹ́ máa ń ní in, tàbí fluconazole 150mg, káńsù ẹyọ kan ṣoṣo, tó o bá dá ara ẹ lójú pé o ò lóyún. Owó gbogbo tíì àti álọ́ọ̀mù yẹn pọ̀ ju owó ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n fún ìwọ, má tíì sá lọ rà á. Nǹkan tó bá ń padà bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún yẹ fún àyẹ̀wò. Lọ sí hòsípítù ìjọba kí wọ́n fi òwú mú omi ibẹ̀ lọ sí láàbù, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, kí wọ́n yẹ HIV wò pẹ̀lú, má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ẹ́, ara àyẹ̀wò tó péye ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó rò pé èfu ló ń ṣe òun, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan míì ni wọ́n ń rí. Èyí tó ń rùn bí ẹja, tó ṣàn tí kò dì, bakitéríà ni. Èyí tó dà bí ewé tútù tàbí tó yẹ́lò, tó ń hó, ó lè jẹ́ èyí tí ọkùnrin àti obìnrin ń kó fún ara wọn. Tí ìsàlẹ̀ ikùn bá tún ń dùn ẹ́ tàbí ibà ń mú ẹ, ọjọ́ yẹn náà ni kó o lọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé òróró àgbọn nìkan ti tó láti pa Candida, pé àwọn ará Ìbàdàn tiẹ̀ ló ṣe ìwádìí ẹ̀. Wọ́n tún ní kí n má jẹ ìrẹsì, búrẹ́dì, ṣúgà àti èso kankan fún oṣù mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)*

Ìwádìí Ìbàdàn yẹn wà, 2007 ló jáde, inú mi sì dùn pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n mú Candida tí wọ́n rí lára àwọn èèyàn, wọ́n da òróró àgbọn sí i nínú láàbù, ó pa púpọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tó dáa láti mọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n fún aláìsàn lò kó sì sàn, ìyẹn ni ẹni tó ń tà á fún yín kì í fi kún un. Ọ̀nà tó wà láàárín láàbù àti ara èèyàn jìn, ẹfinrin náà wà lójú ọ̀nà yẹn, ó ń pa Candida ní láàbù bákan náà, mi ò sì ní torí ẹ̀ ní kẹ́nikẹ́ni gún ẹfinrin kó fi sábẹ́.

Lára awọ ìta tó gbẹ, òróró àgbọn tí kò ní òórùn atasánsán kò léwu, ó ń tu awọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: òróró kankan, ti àgbọn ni o, àdí ni o, òrí ni o, máa ń jẹ́ kí kọ́ńdọ̀mù bẹ́. Ẹni tó ń lo kọ́ńdọ̀mù kò gbọdọ̀ fi í kan ibẹ̀. Àwọn kíríìmù èfu kan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ka ara páálí ẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò ká ṣúgà ẹ̀ lọ́wọ́, èfu ò ní fi í sílẹ̀, ìyẹn dájú. Ẹni tí ṣúgà ẹ̀ wà bó ṣe yẹ, kò sí ẹ̀rí pé àìjẹ ìrẹsì á wò ó. Dín míníra àti ohun dídùn kù, ó dáa fún ẹ ní gbogbo ọ̀nà. Oṣù mẹ́ta láì jẹ èso, kò dáa fún ẹ ní ọ̀nà kankan.

*Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú wa. Lọ́ńdọ̀n ni mo wà. Bàbá mi ti lé ní 70, wọ́n ń lo ínhélà torí ikọ́ fée, eyín àtọwọ́dá wà lẹ́nu wọn. Ẹnu wọn ti funfun, ó ń ta wọ́n tí wọ́n bá jẹ ata. Wọ́n ní kí n wá ewé fún wọn. (Ọmọ Bàbá, Peckham)*

Ẹ má wá ewé kankan, ẹ̀yin tọ́jú eyín yẹn àti ínhélà yẹn. Ínhélà tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì máa ń fi oògùn sílẹ̀ lẹ́nu, ibẹ̀ ni èfu ń gbà wọlé. Kí bàbá máa fi omi yọ ẹnu kí wọ́n tu ú dànù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fà á tán, kẹ́ ẹ sì ní kí nọ́ọ̀sì fún wọn ní spacer, ike tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ínhélà, oògùn á lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró dípò kó dúró lẹ́nu. Kí wọ́n má dá ínhélà dúró o. Eyín àtọwọ́dá, kí wọ́n yọ ọ́ sùn lóru, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ìfọyín tí dẹ́ńtíìsì bá sọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ oògùn yòówù tí wọ́n bá lò, eyín yẹn á kó o padà fún wọn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí láti fi yọ ẹnu, ìyẹn dáa fún àgbà, á mú títa náà rọ̀.

Ẹ wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò wọn, fún oògùn, kẹ́ ẹ ka gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò fún dókítà, pàápàá warfarin tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má dì, torí àwọn oògùn èfu kan kì í bá a rẹ́, wọ́n lè jẹ́ kí bàbá máa ṣẹ̀jẹ̀. Tí oúnjẹ bá ti ń há wọn lọ́fun tàbí tó ń dùn wọ́n láyà tí wọ́n bá gbé e mì, ẹ má fi falẹ̀.

*Ìyàwó mi ń ní infẹ́kṣọ̀n, ó tọ́jú ara ẹ̀ ó tún padà. Ní báyìí orí nǹkan ọkùnrin mi ti pọ́n, ó ń yún mi, nǹkan funfun wà lábẹ́ awọ ibẹ̀. Ṣé òun ló kó o ràn mí, ṣé ó ń rìn níta ni? (Bàbá, Abẹ́òkúta)*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́, ọkùnrin púpọ̀ kì í bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ fi ẹ̀sùn kan aya yín. Èfu lè ran ẹni láti ara ẹnì kejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí ìrìnkurìn, obìnrin tí kò mọ ọkùnrin rí ń ní in. Ó lè jẹ́ láti ara ẹ̀yin fúnra yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò. Ọkùnrin tó ti dàgbà tí èfu ṣàdédé mú, àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti ń tọ̀ jù lóru, tí òùngbẹ ń gbẹ yín, tí èèrà ń bo ibi tẹ́ ẹ tọ̀ sí, ẹ má dúró dọ̀la.

Nílé, omi lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ fa awọ sẹ́yìn tó bá wà, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi àpòpọ̀ ewé, ọṣẹ dúdú tàbí ògógóró kàn án. Kíríìmù clotrimazole ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ̀yin àti ìyàwó lò tiyín lásìkò kan náà níwọ̀n ìgbà tí ó ti ń yún ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ sinmi ìbálòpọ̀ títí tí á fi lọ. Tí egbò bá wà níbẹ̀, tàbí tí ọyún ń jáde lójú ìtọ̀, ìyẹn kì í ṣe èfu, àyẹ̀wò ni kẹ́ ẹ lọ ṣe, ẹ̀yin méjèèjì.

*Àǹtí, oyún mi ti pé oṣù méje. Ó ń yún mi, nǹkan funfun ń jáde bíi wàrà tó dì. Ìyá kan tó ń tagbo ní òun ní èyí tí mo máa mu àti èyí tí mo máa jókòó lé, màmá mi ní kí n fi sílẹ̀ pé oyún ló fà á. (Aboyún, Àkúrẹ́)*

Màmá yín jàre ní ìdajì, oyún ń fà á lóòótọ́, ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín aboyún. Ṣùgbọ́n kò yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, torí ó ń dà yín láàmú, ọmọ sì lè kó o sẹ́nu nígbà tó bá ń bọ̀. Ẹ má mu àgbo yẹn, ẹ má sì jókòó lé e, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe máa rí lára ọmọ. Ẹ má lo fluconazole tí wọ́n ń gbé mì, wọn kì í fún aboyún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta boric acid, káńsù tí àwọn kan ń kì sí ojú ara, fún yín, májèlé ni téèyàn bá gbé e mì, kò sì yẹ aboyún bó ti wù kó rí.

Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń gbà yín ní àǹtínátà, clotrimazole tí wọ́n ń kì sí ojú ara ló máa kọ fún yín, ti alaalẹ́, ọjọ́ méje ni wọ́n sábà máa ń fún aboyún. Ẹ lo gbogbo ẹ̀ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyún á ti lọ ní bí ọjọ́ kẹta. Ẹ fi ìka tó mọ́ tì í wọlé, ẹ má fi igi ike tó wà nínú páálí tì í jinlẹ̀. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ yín wò fún ṣúgà lọ́jọ́ náà, ẹ rán wọn létí tí wọ́n bá gbàgbé.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Èyí tó dì tó sì ń yún, ẹ lè dúró de ọjọ́ àǹtínátà tó bá ti sún mọ́lé. Tó bá jẹ́ omi ló ń ṣàn bí ìtọ̀ tí kò dúró, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ẹ̀, tàbí tó ń rùn tí inú sì ń sún yín pọ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ jí ọkọ yín kẹ́ ẹ máa lọ sí hòsípítù lóru yẹn.